Igbá Ni Wọ́n Rán Ẹ̀gà, Igbà Ló Jẹ́

Ní agbolé Alápó, bí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ alẹ́ tán, àwọn ọmọ a gbé ẹ̀gúsí jáde síwájú ilé, wọn a yí Ìyá Àgbà ká. Ìyá Àgbà kì í pàlọ́ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ẹni tí kò bá bó ẹ̀gúsí, kó lọ sùn.

"Ẹ jókòó dáadáa. Mákindé, mo rí ọ. Ẹ̀gúsí tó o sọ sẹ́nu yẹn, gbé e mì, kó o sì bó òmíràn dípò rẹ̀. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Oorun wà nínú ohùn yín. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Orí obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló bà lé, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàgbé, àti ẹyẹ ẹ̀gà tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbélé, tí adìẹ ń jókòó sórí àpótí tó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, Àwẹ̀ró ń gbé ní ìlú Ìdí-Ọ̀pẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán igbá. Bí igbá rẹ bá sán, bó bá là sí méjì, Àwẹ̀ró ni wàá gbé e lọ bá. Á fi irin gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó là, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an pọ̀, á sì fi oje igi dí àwọn ihò náà. Bó o bá bu omi sí i, kò ní jò.

"Ṣé Àwẹ̀ró lọ́kọ?" Oyíndà béèrè.

"Ṣé mo ti débẹ̀ ni? Ìwọ ọmọ yìí, ọbẹ̀ kì í tíì hó tó o fi ń ṣí ìdérí rẹ̀. Bó ẹ̀gúsí rẹ."

Ó lọ́kọ rí. Iyìọlá ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ibà ló pa á lákòókò òjò kan. Àwẹ̀ró sunkún débi pé àwọn tó wá bá a dárò tún ń sunkún lọ sílé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. Iyìọlá kò ní àbúrò ọkùnrin tí ìbá ṣú u lópó. Ó wá ku Àwẹ̀ró nìkan nínú ilé, òun àti igbá fífọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ó ṣe opó, ó ṣe é pé. Àwọn obìnrin agbolé wá bá a, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn bọ́ aṣọ dúdú lára rẹ̀, kí àwọn di irun rẹ̀.

"Aṣọ náà kò tíì gbó," Àwẹ̀ró ní.

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Aṣọ dúdú yẹn ló ń wọ̀ lọ sódò, òun ló ń wọ̀ lọ sọ́jà, òun ló sì ń wọ̀ rán igbá. Irun rẹ̀ wà ní títú lábẹ́ gèlè.

Àgbébọ̀ Adìẹ ló jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Àgbébọ̀ yìí lọ́mọ, ó lẹ́nu, ó sì ti sin ọkọ ju ẹyọ kan lọ.

"Àwẹ̀ró," a ní, "ẹni tó kú ló gbé. Èmi tó o rí yìí, kò sí ọdún tí wọ́n ṣe nílùú yìí tí wọn kò fi ọkọ mi se ọbẹ̀. Mo ń sunkún, ìyẹ́ mi ń ré. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo ń jẹ̀."

"Ìyá, tiyín yàtọ̀. Ẹ kò mọ Iyìọlá."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló máa ń sọ òkò lù mí nídìí àgbàdo. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Mákindé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gúsí rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ìyá Àgbà ń wò ó títí tó fi ṣa gbogbo rẹ̀ tán.

Ó dáa. Ní ìsàlẹ̀ ìlú, lẹ́bàá odò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàgbé. Adẹ́mu ni. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, òun àti ọmọ, ó sì ti pẹ́. Láti ìgbà náà ni Àjàgbé ti ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè, kò sì mọ̀ ọ́n sè. Iṣu rẹ̀ a jóná lẹ́yìn, inú rẹ̀ a sì tún le.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ohun méjì ni adẹ́mu kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Ó gbọ́dọ̀ ní igbà, ìyẹn okùn tó ń gbá mọ́ ìdí tó fi ń gun ọ̀pẹ. Ó sì gbọ́dọ̀ ní igbá tó fi ń bu ẹmu. Igbà á gbé e lọ sókè, igbá á bu ohun tó gbé wálẹ̀. Ẹ pè é kí n gbọ́.

"Igbà," àwọn ọmọ ní. "Igbá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀gà kò lè pè é báyẹn."

Lọ́jọ́ kan, igbá Àjàgbé là. Ó gbé e lọ bá Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró rán an, Àjàgbé bu ẹmu fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò pẹ́, ó tún dé. Igbá tún là. Àwẹ̀ró rán an. Ó tún dé. Àwẹ̀ró tún rán an. Ó tún dé.

"Irú igbá wo lèyí?" Ṣiyanbọ́lá ní.

"Má dá igbá lẹ́bi. Igbá kò mọ nǹkan kan."

Àgbébọ̀ Adìẹ ló rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà odò, ni Àjàgbé bá ń bọ̀. Igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, odindi ni. Àjàgbé wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan. Adìẹ kò jọ ènìyàn lójú rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó fi igbá gbá òkúta, pọ̀ọ́. Ó wo ibi tó là, ó mi orí, ó sì gba ọ̀nà ilé Àwẹ̀ró lọ.

Àgbébọ̀ kò lè jẹ̀ mọ́. Ó dúró kí Àjàgbé lọ tán, ó sì sáré wọlé tọ Àwẹ̀ró.

"Àwẹ̀ró, ọkùnrin yẹn ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ igbá."

Àwẹ̀ró kò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Igbá tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ìdí ló ti ń là. Gbogbo èyí tó ń gbé wá, etí ni wọ́n ti ń là. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tó ò sọ̀rọ̀?"

Àwẹ̀ró fa okùn le, ó gé e. "Igbá ló gbé wá, igbá ni mo rán."

Àgbébọ̀ fi ojú kan wò ó, bí adìẹ ṣe máa ń wo nǹkan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, inú Àwẹ̀ró ń dùn, n kò ní fi í pa mọ́ fún yín. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, etí rẹ̀ á wà lójú ọ̀nà. Àjàgbé á dé, á jókòó sórí àpótí, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bọ tó ń jí ẹmu mu lókè ọ̀pẹ tí wọ́n sì ń sùn lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí Àjàgbé kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu, ó wọ yàrá lọ. Ó dúró níwájú ọkọ́ Iyìọlá tó fi kọ́ ara ògiri, ó ní, "Má bínú."

Nígbà tó yá, Àjàgbé wá lọ́jọ́ kan, igbá rẹ̀ wà ní odindi.

"Àwẹ̀ró, igbá fífọ́ ti sú mi."

"Má fọ́ ọ mọ́ nígbà náà."

"Bí n kò bá fọ́ ọ, kí ni n ó wí pé mo wá ṣe níbí?"

Àwẹ̀ró ń tú okùn kan tí kò lọ́.

"Mo fẹ́ kó o wá bá mi gbé," Àjàgbé ní. "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́. Iṣu mi ń jóná. Ilé mi dákẹ́ jù. Bí mo bá wà lórí ọ̀pẹ, tí mo rántí bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín lókè níbẹ̀."

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà," Àwẹ̀ró ní. "Lórí ọ̀pẹ. Iyìọlá fẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ikú sì mú un. Ìwọ tó ń fi okùn so ara rẹ mọ́ òkè ńkọ́? Mo ti sin ọkọ kan, Àjàgbé. Mo mọ bó ṣe ń rí. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí tí gbogbo èrò bá lọ tán. N kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Máa lọ, má sì wá mọ́."

Àjàgbé kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé igbá rẹ̀, ó ní, "Ó dàárọ̀," ó sì lọ.

"Kò dáa bẹ́ẹ̀," Oyíndà ní.

"Ìbẹ̀rù ni, ọmọ mi. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fẹ́ ló lé lọ yẹn, ó sì mọ̀."

Àjàgbé kò wá mọ́ lóòótọ́. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, Àwẹ̀ró á dìde, á ti ìlẹ̀kùn, á ní inú òun balẹ̀ báyìí, òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Etí rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó gbé igbá ẹlòmíràn tí kò là, tí wọ́n kàn gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lu ihò yí i ká, ó sì rán an. Ẹni tó ni igbá náà bínú gidi.

"Ṣé inú ń balẹ̀ náà nìyẹn?" Àgbébọ̀ Adìẹ bi í.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn igbá náà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé igbá Àjàgbé fọ́ ní tòótọ́. Ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Àjàgbé gbé e, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ojú ń tì í láti lọ fúnra rẹ̀. Ló bá gbójú sókè ọ̀pẹ, ó pe Ẹ̀gà.

"Ẹ̀gà, bá mi dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró. Sọ fún un pé igbá mi ti bàjẹ́. Sọ pé èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí, ewúrẹ́ ni. Bó bá lè bá mi wò ó, kó ránṣẹ́ sí mi, n ó gbé e wá."

"Igbá ti bàjẹ́, kó wá wò ó. Mo gbọ́," Ẹ̀gà ní, ó sì ti fò lọ. Ẹ ò rí i pé ó ti já ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó kúrò lójú kan.

Ní ọ̀nà, ó kan àwọn ẹbí rẹ̀ lórí ọ̀pẹ kan, wọ́n ń pariwo bí ìṣe wọn.

"Ẹ̀gà, níbo lò ń lọ?"

"Iṣẹ́ Àjàgbé ni mo ń jẹ́."

"Àjàgbé onígbà?"

"Àjàgbé onígbà."

"Kí ló ṣe igbà rẹ̀?"

Orí ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbé, ẹ̀yin ọmọ. Igbà ni wọ́n ń rí láàárọ̀, igbà ni wọ́n ń rí lálẹ́. Ta ni nínú wọn tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní igbá? Kí Ẹ̀gà tó dé ojúlé Àwẹ̀ró, ohùn ti wálẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó bà sórí ògiri. "Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró, igbà Àjàgbé ti bàjẹ́. Igbà Àjàgbé ti bàjẹ́. Ó ní kó o wá wò ó."

"Ìyá Àgbà, igbá kọ́ ni?" Ṣiyanbọ́lá ti dìde dúró.

"Igbá ni wọ́n rán an, igbà ló jẹ́. Ẹyin lohùn, ó sì ti balẹ̀. Jókòó."

Irin gbígbóná bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. "Igbà? Ṣé ó wà lókè ni?"

"Ìgbà wo ni adẹ́mu kì í wà lókè?" Ẹ̀gà ní. Ó rí gúrọ́fà tó pọ́n ní ẹ̀yìnkùlé kejì, ó sì fò lọ sídìí rẹ̀.

Àwẹ̀ró sáré. Kò ti ìlẹ̀kùn. Kò wọ bàtà. Ó gba iwájú ilé baálẹ̀ kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni. Gèlè bọ́ lórí rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ, pé òun ló ní kó má wá mọ́, ohun tí òun sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Bó ṣe ń sáré ló ń sunkún, bó ṣe ń sunkún ló ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é.

Ọ̀pẹ tó ga, má mì o.
*Ọ̀pẹ, jọ̀wọ́.*
Atẹ́gùn oko, rọra fẹ́.
*Ọ̀pẹ, jọ̀wọ́.*
Olówó orí mi ń bẹ lókè.
*Ọ̀pẹ, jọ̀wọ́.*
Ọ̀rọ̀ mi kù tí n ò tíì sọ.
*Ọ̀pẹ, jọ̀wọ́.*
Gbé e sọ̀, má jù ú nù o.
*Ọ̀pẹ, jọ̀wọ́.*

"Ta ni obìnrin ń pè ní olówó orí mi?" Ìyá Àgbà bi wọ́n.

"Ọkọ rẹ̀," àwọn ọmọ ní.

"Gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ."

Àgbébọ̀ Adìẹ gbọ́ ọ ju gbogbo wọn lọ. Ó sáré tẹ̀lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ sáré tẹ̀lé òun náà.

Nígbà tí Àwẹ̀ró dé etí odò, Àjàgbé jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó ń jẹ iṣu sísun. Iṣu náà ti jóná. Igbá fífọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró?" Àjàgbé dìde. "Kí ló dé? Igbá lásán ni, kò tó ohun tí ń múni sáré."

"Igbá?"

"Igbá mi. Ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí Ẹ̀gà sọ fún ọ."

Àwẹ̀ró wo igbá tó wà nílẹ̀. Ó wo igbà tó fi kọ́ ara igi, kò já, kò gbó. Ó wo Àjàgbé láti orí dé ẹsẹ̀. Ló bá gba iṣu jíjóná ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ lù ú láyà. Ó sì jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

"Igbà ni Ẹ̀gà wí," ó ní. "Ó ní igbà rẹ ti bàjẹ́."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé Àjàgbé. Òun náà jókòó. Àgbébọ̀ Adìẹ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àjàgbé, ṣé o gbọ́ ohun tó ń pè ọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà? Olówó orí mi, olówó orí mi. Iwájú ilé baálẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," Àwẹ̀ró ní.

"Mo ti dákẹ́. Mo kàn ń jẹ́rìí ni."

Àwẹ̀ró nu ojú. "Àjàgbé, láti ojúlé mi dé ibí, mo ti sin ọ́ tán. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀, mo ti tẹ́ ọ sí i, mo ti dé ilé tí gbogbo èrò ti lọ. Ẹkún opó ni mo sun bọ̀. Mo lé ọ lọ kí n má bàa sun ún, mo sì sun ún náà. Àǹfààní wo ni mo wá rí níbẹ̀?"

"N ó kú lọ́jọ́ kan," Àjàgbé ní.

"Mo mọ̀."

"Ó lè jẹ́ lórí ọ̀pẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó sì lè jẹ́ iṣu tí mò ń sun yìí ni yóò pa mí."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Kò fọwọ́ bo ẹnu lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣa iṣu nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó tọ́ ọ wò.

"Ó korò," ó ní. "N ó wá bá ọ gbé."

Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí ẹbí Iyìọlá. Ẹbí ní àwọn kò bínú, ó ti ṣe ti ọmọ àwọn bó ti yẹ. Àwọn obìnrin agbolé bọ́ aṣọ dúdú lára rẹ̀. Wọ́n jókòó di irun rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì ń kí wọn pé ojú gbooro o, wọ́n ń dáhùn pé òòyà á yà á. Àjàgbé ṣe gbogbo ohun tí ọkọ ń ṣe. Àwẹ̀ró kó irin rẹ̀ àti okùn rẹ̀, ó lọ sílé ọkọ lẹ́bàá odò.

"Ó tán?" Mákindé ní.

"Kò tán. Ẹni tó ń kánjú kí àlọ́ tán ni ẹ̀gúsí rẹ̀ kò tíì tán."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Bí obìnrin ilé wa bá ń ké sí ọkọ rẹ̀, kì í pe orúkọ rẹ̀. Olówó orí mi ló ń pe ti àkọ́kọ́, olówó orí mi ló ń pe ti ìkejì. Ẹnu rẹ̀ kò rí ibi tí yóò gbà ṣì. Ọkùnrin ló ń pe ìyàwó lórúkọ. Ọkùnrin ni ẹnu rẹ̀ lè ṣì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Àwẹ̀ró kò tíì pẹ́ nílé náà, àwọn obìnrin wá kí i, wọ́n jókòó síta. Àgbébọ̀ Adìẹ wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró wà nínú ilé nídìí ọbẹ̀. Àjàgbé ti oko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú ilé yẹn, kò rò ó rárá, ó gbóhùn sókè, ó ní:

"Àyọ̀ká, bá mi bu omi wá."

Àjàgbé gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó sì sorí kọ́. Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. Àgbébọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò lè gbé e sílẹ̀.

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ nínú ilé. Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò dùn ún. Ó dúró nídìí àmù, ó ń wo omi. Àyọ̀ká ló ti máa ń bu omi nínú àmù yìí, ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, fún ọkùnrin yìí kan náà. Ọmọ tó ń retí ló pa á. Àwẹ̀ró rántí Iyìọlá. Ó rántí pé òun náà máa ń jí lóru, òun á sì yẹra fún Iyìọlá lórí ẹní kó lè rí ibi sùn dáadáa, kó tó yé òun pé Àjàgbé ló wà níbẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀.

Ó bu omi. Ó jáde, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un.

"Àyọ̀ká kò sí nílé," ó ní. "Èmi ni mo wà ńlé. Ẹ gba omi."

Àjàgbé gbà á. Ó gbé e lé orúnkún, kò mu ún. "Àwẹ̀ró, má bínú."

"N kò bínú. Ẹ mu omi." Àwẹ̀ró fa àpótí kan, ó jókòó tì í. "Bí ẹ bá mu ún tán, kí ẹ sọ irú ẹni tó jẹ́ fún mi. N ó sọ ti Iyìọlá fún yín. A kò lè máa bá wọn gbé nínú ilé kan náà, ká má sì fi wọ́n han ara wa."

Àjàgbé mu omi náà tán. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Àyọ̀ká kò fẹ́ràn iyọ̀ púpọ̀," ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Oyíndà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Ìyá Àgbà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ. "Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé. Ẹni tó fẹ́ràn òkú tó tún fẹ́ràn alààyè kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Ẹni tó bá sì ń sá fún ayọ̀ kó má bàa sunkún, ẹkún náà á bá a níbi tó sá sí, ayọ̀ nìkan ni kò ní rí. Àti ẹ̀yin tí wọ́n ń rán níṣẹ́, ẹ máa mú ohùn ọ̀rọ̀ dání bí ẹ ti ń mú ọ̀rọ̀.

"Àlọ́ mi ti délé, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri. Bí mo bá parọ́ nínú rẹ̀, kí ahọ́n mi lọ́ bí mo bá ń bá Mákindé wí. Mákindé, kó èèpo yẹn dànù, kó o sì lọ sùn. Ẹ gbọ́ bó ṣe já geere?"

"A gbọ́ ọ, Ìyá Àgbà."

"N kò parọ́ nìyẹn."